Bí A Ṣe Ń Sá Ewé Ẹ̀pà fún Àgùntàn, Tí A ó sì Kó O Pamọ́ Tí Kò Ní Bu, Tí Kò Ní Gbóná

Ọ̀pọ̀ wa tó ń sin àgùntàn ló mọ ìrora yìí. Ẹ hú ẹ̀pà tán, ẹ kó ewé rẹ̀ jọ, ẹ sá a sóòrùn títí ẹ fi rò pé ó gbẹ, ẹ wá kó o sínú yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí ẹ ní kí ẹ fa díẹ̀ yọ fún àwọn àgbò tí ẹ ń sìn de Iléyá, ewé dúdú tó ti lẹ̀ mọ́ra lẹ bá níbẹ̀, àárín rẹ̀ funfun bí ìgbà tí ènìyàn da ìyẹ̀fun sí i, òórùn rẹ̀ ń ta imú. Àgùntàn á gbóòórùn rẹ̀, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Lọ́dún kan, mo kó ọgọ́ta ìdì ewé ẹ̀pà sínú yàrá bíríkì, mo tò ó kan òrùlé, mo tún fi tapólì bò ó torí òjò. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo ṣí ilẹ̀kùn, òórùn bíi ti tábà tí wọ́n ń sá ló pàdé mi. Mo ki ọwọ́ bọ àárín ìdì méjì, kíá ni mo fà á yọ, àfi bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a tú ìdì náà, ewé inú rẹ̀ ti pọ́n bíi kọfí. Díẹ̀ ló kù kó gbiná.

Ohun tó fà á nìyí: ewé tí a kó wọlé ṣì ní omi nínú. Níbi tí omi náà bá ti pọ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á máa jẹ ewé náà, á sì máa gbóná bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Bí ooru náà bá rí ọ̀nà jáde, ewé á tutù, á sì parí gbígbẹ. Bí kò bá rí ọ̀nà, á máa ká jọ lójoojúmọ́. Nítorí náà iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: ká mú omi kúrò kí ewé tó wọlé, ká sì ṣe ọ̀nà fún atẹ́gùn lẹ́yìn tó bá wọlé. Ewé ẹ̀pà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe ewé ẹ̀wà àti koríko oko.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwọ̀n tó lè wọn nǹkan kékeré (gíráàmù) àti èyí tó lè wọn kílò márùn-ún
- Àpò àlùbọ́sà kan, èyí tó ní ojú bí àwọ̀n
- Ìgò tó ń hàn, tó gbẹ, tó ní ìdérí, àti iyọ̀
- Igi gígùn bíi mítà méjì méjì, mẹ́ta fún àgbékọ́ (ohun tí ẹ ó fi ewé kọ́ sí) kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó fi dábùú wọn
- Àpótí pákó tí kò nísàlẹ̀, tí kò sì lórí: 85 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 55 ní ìbú, 45 ní jíjìn
- Okùn
- Ọ̀pá irin ìkọ́lé kan tó gùn tó mítà kan àti ààbọ̀
- Ọparun tàbí pákó tí ẹ ó tò sílẹ̀ nínú abà
- Ìbòmú

Ẹ ṣírò ohun tí ẹ máa nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí àgùntàn mẹ́wàá bá ń jẹ kílò kan kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ fún 120 ọjọ́, 1,200 kílò ewé gbígbẹ nìyẹn. Ìdì kan tí ẹ bá fi àpótí yẹn ṣe máa ń tó nǹkan bí 20 kílò, ó túmọ̀ sí ọgọ́ta ìdì. Ewé tútù tí ẹ ó sá kí ẹ tó rí iye yẹn lè lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ kékeré mú ọ̀rọ̀ ààyè.

1. Ẹ hú u nígbà tí ewé ṣì wà lára rẹ̀

Ewé gan-an ni oúnjẹ. Igi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nínú. Bí ẹ̀pà bá pẹ́ jù nílẹ̀, àrùn tó ń fi àmì dúdú sára ewé á gbọn ewé náà dànù, igi nìkan lẹ máa kó wálé. Ẹ̀pà tó bá ti gbó, ẹ tètè hú u. Ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ ara gbòǹgbò rẹ̀ nù dáadáa, torí iyanrìn ń jẹ eyín ẹran, yẹ̀pẹ̀ tútù sì ń pa omi mọ́ra.

Bí ẹ bá ti fín oògùn kòkòrò sí oko náà, ẹ ka ara ìgò oògùn, kí ẹ mọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹran tó fẹnu kàn án. Bí ọjọ́ náà kò bá tíì pé, ẹ má sá ewé yẹn fún ẹran rárá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ mú ìtàkùn kan, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Bí ewé bá ń já bọ́ nígbà tó ṣì tutù, ẹ ti pẹ́. Ẹ sáré kó èyí tó kù.

2. Ọjọ́ kìíní: ẹ jẹ́ kó rọ

Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ ní gíga. Àwọn ará Òkè-Ògùn tó ń sá ẹlùbọ́ lórí àpáta mọ ìdí tí àpáta fi dára: ó ń gbóná láti ìsàlẹ̀, omi kò sì dúró sí i. Bí ẹ kò bá ní àpáta, ẹ sá a sórí ọparun tí ẹ gbé sókè nílẹ̀. Sísá a sórí ilẹ̀ lásán kò dára, torí ọ̀rinrin ilẹ̀ á máa gòkè bọ̀ lóru. Ẹ má sá a sí títì ọ̀dà, nítorí epo mọ́tò àti iyanrìn.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe jù ni yíyí i padà. Wọ́n á dúró di aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mú, wọ́n á wá fi fọ́ọ̀kì gbé e sókè. Gbogbo ewé á fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ yí i, bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, nígbà tí ìrì ń kúrò lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ewé ṣì rọ̀ díẹ̀. Ẹ gbé e jẹ́jẹ́, ẹ má jù ú.

Ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì nìkan ni kó fi wà nínú oòrùn gangan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Oòrùn àpọ̀jù máa ń pa àwọ̀ ewé, ó sì ń pa fítámì inú rẹ̀ pẹ̀lú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ewé yẹ kó ti rọ wọ̀ọ̀, kó ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Bí apá ìsàlẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ tẹ́ ẹ nípọn jù.

3. Bí òjò ṣì ń rọ̀: ẹ lo àgbékọ́

Ẹ̀pà tí a hú lóṣù August kò rí oòrùn mẹ́ta léra wọn. Àgbékọ́ ló gbà á. Ẹ so orí igi mẹ́ta pọ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn síta bí àárò. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú yí i ká. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá kó fi nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà ga sílẹ̀. Ẹ wá gbé ewé tó ti rọ kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí orí ewé máa kọjú sísàlẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn kúrò.

Inú àgbékọ́ gbọ́dọ̀ ṣófo. Mo ti rí àwọn tó kó ewé kún inú rẹ̀ nítorí kí ààyè má bàa ṣòfò. Òkìtì lásán ni wọ́n ṣe yẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ wo òkè. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ láàárín, kí ẹ sì máa gbọ́ atẹ́gùn lára.

4. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbà pé ó gbẹ

“Ó ti gbẹ” tí ojú wa ń sọ ló ń bà á jẹ́. Ewé máa ń gbẹ ṣáájú igi, oríkèé igi ló ń gbẹ kẹ́yìn. Ẹ lè gbọ́ ewé tó ń dún fàràfàrà, kí omi ṣì pọ̀ nínú igi rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dì í lẹ́rù, kí omi tó kù nínú rẹ̀ má ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ tò ó láìdì, ó lè tó 20.

Ọ̀nà tó dájú jù lèyí. Lọ́jọ́ tí ẹ hú u, ẹ mú 500 gíráàmù ewé tútù, tigi-tewé. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ yan án nínú agbada gbígbẹ lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó kó má jóná. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè títí tí kò fi fúyẹ́ sí i mọ́. Ká ní ó kù 150 gíráàmù: ìdá 30 nínú 100 ewé yín ni kì í ṣe omi.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ wọn kílò 5 ewé tútù sínú àpò àlùbọ́sà, kí ẹ sì fi sáàárín èyí tí ẹ ń sá. Kílò 5 yẹn ní kílò 1.5 tí kì í ṣe omi. Bí omi bá ku ìdá 15, ìdá 85 (0.85) tó kù ni kì í ṣe omi, nítorí náà ẹ fi 0.85 pín 1.5, ẹ ó rí 1.76. Ìgbà tí ewé inú àpò yẹn bá wọ̀n ní nǹkan bíi kílò kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó ti tó ìdá 15 nínú 100. Ẹ yọ ìwọ̀n àpò fúnra rẹ̀ kúrò.

Bí kò bá sí ìwọ̀n, ẹ lo iyọ̀. Ẹ yan iyọ̀ kó gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ gé ewé àti igi wẹ́wẹ́ sínú ìgò títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, ẹ da ṣíbí kékeré iyọ̀ kan sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì ju ìdá 15 lọ. Bó bá ń dà wàràwàrà, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi èékánná ha igi tó nípọn jù lọ nínú òkìtì, nítòsí oríkèé. Bí èèpo tútù bá ṣí, kò tíì gbẹ. Ẹ ṣe é níbi mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe é níbi kan.

5. Dídì í

Ẹ tẹ́ okùn méjì sínú àpótí kí ewé tó wọ inú rẹ̀, kí etí okùn yọ síta. Ẹ kó ewé sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ dì í, ẹ yọ àpótí kúrò. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára fún iṣẹ́ yìí, torí ewé kì í fọ́ púpọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìrì kò gbọ́dọ̀ sí lára rẹ̀. Ẹ kó ewé tó bá fọ́ sílẹ̀ sínú àpò, ẹ fún ẹran jẹ lọ́jọ́ náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* gbogbo ìdì yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà. Èyí tó bá wúwo ju àwọn yòókù lọ dáadáa, omi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹ tún un sá.

6. Abà

Òrùlé tí kò jò, ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ilẹ̀ tí omi kò lè dé. Ẹ to ọparun tàbí pákó, kó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, kí ẹ sì fi àlàfo sí àárín wọn. Ẹ pa ẹsẹ̀ òpó ní epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò nítorí ikán.

Láàárín òjò, láti gúúsù-ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ wa ti ń wá; nígbà ọyẹ́, láti àríwá-ìlà oòrùn. Ẹ kọ ojú ihò atẹ́gùn sí ìhà méjèèjì yìí: nísàlẹ̀ níbi tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé, lókè lábẹ́ òrùlé níbi tí ooru yóò gbà jáde. Ìjì òjò sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá, nítorí náà ẹ fi ohun tí ẹ lè fi dí ihò sí ìhà náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀, àtùpà, ajílẹ̀ tàbí ẹni tó ń mu sìgá wọ ibẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọ inú abà lọ́sàn-án, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọlé láti òrùlé, ibẹ̀ ni òjò máa gbà wọlé.

7. Títò ó

Ẹ jẹ́ kí 50 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín ìdì àti ògiri, kí ènìyàn lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Láàárín ìdì sí ìdì, ẹ fi àlàfo ìka mẹ́ta sílẹ̀. Ìlà kejì kó dábùú ti àkọ́kọ́. Kó má ju ìdì márùn-ún lọ ní gíga, kí ó sì ku mítà kan sí òrùlé. Páànù máa ń làágùn lóru, òwúrọ̀ ni omi rẹ̀ ń kán sórí ewé. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ènìyàn rí òkè ìdì tó bu, tó sì ń wá ibi tí òrùlé ti jò, òógùn páànù ni.

Ẹ má fi tapólì bò ó. Ohun tí mo ṣe nìyẹn lọ́dún tí mo sọ, tí ooru kò sì rí ibi jáde. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé nǹkan máa kán sí i, ẹ ta tapólì sókè bí àgọ́, kó má fara kan ewé.

Ẹni tó ń tò ó láìdì, kó ṣe ihò tí ooru máa gbà jáde fún un. Ẹ di àpò kan ní koríko tó le dáadáa kó dúró gbọnyin, ẹ gbé e dúró láàárín, lórí àlàfo ọparun. Ẹ to ewé yí i ká. Bí òkìtì ti ń ga, ẹ máa fa àpò náà sókè. Nígbà tí ẹ bá fà á yọ tán, ihò kan á wà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ so fọ́nrán òwú kan sí ojú ihò òkè ní ọ̀sán. Ó yẹ kó máa mì. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, atẹ́gùn kò kọjá, ẹ wá ibi tó ti dí.

8. Ìgbà tí ẹ ó ṣí i, ìgbà tí ẹ ó tì í

Atẹ́gùn tó ní ọ̀rinrin ń dá omi padà sínú ewé ni. Ní òru ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ máa ń kún fún ọ̀rinrin débi pé ẹni tó bá ṣí fèrèsé sílẹ̀ títí di òwúrọ̀ ti ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́. Ọ̀sán lẹ ó ṣí i, láti bí aago mọ́kànlá sí márùn-ún. Ẹ tì í kí ìrì tó sọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí i tọ̀sán-tòru.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá kí ẹ ṣí i, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sínú abọ́ kan, kí ẹ gbé e síta lábẹ́ ibòji níbi tí òjò kò lè dé. Iyọ̀ máa ń yọ́ nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti tó nǹkan bí ìdá 75 nínú 100. Iyọ̀ tó tutù, ẹ má ṣí abà. Iyọ̀ tó gbẹ, ẹ ṣí i. Abọ́ kékeré yẹn ni mo ń wò lójoojúmọ́ báyìí kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

9. Ẹ máa ṣọ́ ooru rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín òkìtì, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fà á yọ, ẹ di apá tó wà nínú mú. Lójoojúmọ́ ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ooru díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn, bó bá sáà ń lọ sílẹ̀.

Bí ọwọ́ bá gbà á ṣùgbọ́n tó gbóná ju ara ènìyàn lọ, ẹ fẹ àlàfo àárín ìdì. Bó bá ti ń lọ sí dígírì 55, tó ṣòroó dì mú pẹ́, ẹ tú òkìtì náà lọ́sàn-án, ẹ kó o síta, ẹ tún un sá. Bí ọwọ́ kò bá gbà á rárá, ó ti kọjá 60: ẹ kó ẹran kúrò nítòsí, ẹ pọn omi sílẹ̀, ẹ má sì dá nìkan wà níbẹ̀.

Bó bá wá di pé ó ń rú èéfín, tàbí tó ń rùn bí ṣúgà tó jóná, tàbí tí tẹmómítà, bí ẹ bá ní in, ń sọ 80, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nìyí, torí inú ń sáré ènìyàn láti tú u nígbà náà: afẹ́fẹ́ tó bá ráyè wọlé lójijì ló máa sọ ọ́ di iná. Ẹ má gun orí rẹ̀; àárín lè ti jóná di ihò, kó sì gbé ènìyàn mì. Ẹ pe 112, kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí irin bá tutù bákan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì léra wọn, tí òkìtì sì ń rùn bí ewé gbígbẹ, ó ti balẹ̀.

10. Fífún ẹran

Ẹ tú ìdì níta, kí ẹ fi ìbòmú bo imú. Eruku ewé tó bu ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn náà sì lè di èyí tí kì í lọ mọ́. Ibi tí ẹ bá rí ohun funfun, tàbí dúdú tó lẹ̀ mọ́ra, ẹ gé e kúrò pẹ̀lú ewé tó yí i ká, kí ẹ lọ fi ṣe ajílẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ èyí tó dára nítorí kó má bàa ṣòfò, pàápàá fún àgùntàn tó lóyún, torí ó lè ba oyún jẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, ẹ máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ kan, kí inú ẹran lè mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e sínú ọpọ́n tàbí kí ẹ kọ́ ọ sókè. Èyí tó bá wà nílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tọ̀ sí i, wọn ò ní jẹ ẹ́ mọ́.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ka okùn. Méjì lẹ fi di ìdì kọ̀ọ̀kan, méjì lẹ gbọ́dọ̀ rí. Okùn ọ̀rá tí àgùntàn bá gbé mì kì í dà nínú rẹ̀, ó lè dí ìfun. Mo kan ìṣó kan sára òpó abà mi, ibẹ̀ ni mo ń fi wọ́n kọ́ ní méjì méjì.